Kíkún Kọ́ Ni Yíyó: A Ka Àròkọ Roxane Gay ní Ọ̀wọ̀

Tí omi bá dé ẹnu ìkòkò, a ó ní ìkòkò kún. Tí èèyàn bá jẹun tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ó ní ó yó. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé ìkòkò yó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, full, pe méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àkọlé àròkọ Roxane Gay, "What Fullness Is", fi dá wa dúró kí a tó ka ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ pàápàá. Kí ló fẹ́ sọ fún wa gan-an: ohun tí kíkún jẹ́ ni, àbí ohun tí yíyó jẹ́? Nígbà tí a kà á tán, ohun tí a rí ni obìnrin kan tí ikùn rẹ̀ ti ń tètè kún, ṣùgbọ́n tí kò tíì mọ bí yóò ṣe máa yó.

Àwa mẹ́ta la jọ kà á, lórí fóònù, ní Ọ̀wọ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná. Méjì nínú wa kàn fẹ́ràn ìwé ni. Ẹnì kẹta, ọmọ Ifọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Ose, ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ tí Gay ń sọ, èyí tí wọ́n fi ń dín ikùn kù kí ẹni tó sanra jù lè fọn. Ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń jẹun láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Torí náà, ẹ bá wa fara dà á tí a bá ń yà sí ilé ìdáná láàárín ọ̀rọ̀ ìwé.

Fún ẹni tí kò bá mọ Gay: ọmọ Amẹ́ríkà ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Haiti. Ní ọdún 2017 ló gbé Hunger jáde, ìwé tó kọ nípa ara rẹ̀ àti ara sísan rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 12, àwọn ọmọkùnrin kan fipá bá òun lò pọ̀, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí ara òun lè di odi, kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kan òun mọ́. Ó tún sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe bá a lọ sí Cleveland Clinic ní Florida, nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, láti gbọ́ àlàyé nípa iṣẹ́ abẹ yìí. Kò ṣe é nígbà náà. Ó di oṣù kìíní ọdún 2018 kó tó ṣe é. Oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà ni àròkọ yìí jáde lórí Medium. Ẹ fi oṣù mẹ́ta yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Oríṣi tí Gay ṣe ni wọ́n ń pè ní sleeve gastrectomy. Wọ́n máa ń gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ikùn kúrò, èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oríṣi kejì tó gbajúmọ̀ ni gastric bypass: wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè ikùn, bí ẹyin adìyẹ báyìí, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun. Èyí tó wù kó jẹ́, ohun ṣíṣàn ni èèyàn ń kọ́kọ́ mu, lẹ́yìn náà oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀, kó tó padà sí oúnjẹ líle lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nínú àwo, ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà ló ń ṣíwájú. Kó rún un kúnná, kó má kánjú. Kó má fi omi ti oúnjẹ lọ. Fítámìn di ohun tí yóò máa lò títí ayé, yóò sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìlànà gidi ni, ẹni tó bá fojú di í, ojú rẹ̀ á rí i. Ṣùgbọ́n ìlànà kíkún ni gbogbo rẹ̀: bí àpò náà ṣe tóbi tó, ohun tó lè gbà, àti èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó sọ bí èèyàn ṣe ń yó.

Ibẹ̀ ni àròkọ Gay ti lágbára. Lórí Instagram, fọ́tò méjì péré ni ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí máa ń jẹ́: ti tẹ́lẹ̀ lápá òsì, ti ìsinsìnyí lápá ọ̀tún, ó parí. Gay kò kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé òun bẹ̀rù kí àwọn èèyàn má lọ rò pé òun ti dalẹ̀ àwọn tó sanra, tí òun ti ń gbẹnu sọ fún. Ó sọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sọ̀rọ̀ ìwọ̀sí sí òun nípa ara òun níbi ìgbọ́kọ̀sí ọjà kan ní Los Angeles, àti pé ìyẹn kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́. Ó sì jẹ́wọ́ pé nígbà tí oúnjẹ kò ṣeé sá sí mọ́, ìbànújẹ́ tí oúnjẹ ń bò mọ́lẹ̀ wá hàn síta. Dókítà lè gé ikùn, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kò lè dé ibi tí ìdí tí èèyàn fi ń jẹun wà.

Síbẹ̀, a ní ẹ̀sùn kan. Àròkọ oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tó wà ní oṣù kẹta kò tíì ní ọ̀nà tirẹ̀, ojú ọgbẹ́ ló ṣì ń wò. Gay mọ ohun tí oúnjẹ jẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kò tíì lè sọ ohun tí oúnjẹ máa dà. A ò bá a wí fún ìyẹn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka àròkọ náà bíi pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, á rò pé ọ̀fọ̀ nìkan ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ohun kejì ni pé a ò rí àwọn alábàájẹ tó níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣàṣà ni oúnjẹ tí ẹnì kejì kò sí nídìí ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti ọmọ Ifọ́n wa. Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nílé. Màmá ti gúnyán dè é. Ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a kì í rún iyán lẹ́nu, òkèlè la ń gbé mì. Ọmọ tó bá ń rún iyán, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n máa fi í ṣe. Ikùn tí wọ́n sì ti gé kì í fẹ́ òkèlè tí a ò rún. Òkèlè kejì há sí i láyà. Ó dìde, ó sáré lọ sẹ́yìn ilé. Màmá tẹ̀ lé e.

"Ṣé oúnjẹ mi ni ò dáa mọ́ ni? O tiẹ̀ ti rù. Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Ẹ má bínú. Oúnjẹ yín dáa, èmi ni mi ò lè gbé e mì."

"Ẹni tí ò lè gbé iyán mì, kí ló wá kù fún un?"

Ìbéèrè yẹn jinlẹ̀ ju bí Màmá ṣe rò lọ. Ní ìlú tí Gay ń gbé, ẹni tó bá fọn á gbọ́ kú oríire. Ní Ifọ́n, "kí ló ń ṣe ọ́?" ló máa gbọ́, torí lẹ́nu wa, ẹni tó rù ń ṣàìsàn tàbí ìyà ń jẹ ẹ́, ẹni tó sanra ló ń jayé. Ẹni tó bá sì kọ oúnjẹ, alásè ló kọ̀ yẹn. Kò sí èsì kankan fún Màmá nínú ìwé ìlànà tí dókítà fún ọ̀rẹ́ wa.

Inú ìtàn Ọ̀wọ̀ la ti rí èsì. Ọmọ Ọ̀wọ̀ wo ni kò mọ ìtàn Ọrọnsẹn, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn, tí a ń ṣọdún Ìgogo fún ní oṣù kẹsàn-án, tí ìlù á dákẹ́ tí agogo á máa dún? Ọrọnsẹn ní èèwọ̀ mẹ́ta. Wọn ò gbọ́dọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti oko dé kò gbọ́dọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ rú èèwọ̀ náà, ayaba sì fi ààfin sílẹ̀, kò padà mọ́.

Ìwà orogún ni wọ́n sábà máa ń fi ìtàn náà kọ́ wa. Ohun mìíràn la rí níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Èèwọ̀ Ọrọnsẹn, tirẹ̀ nìkan ni, kì í ṣe ti gbogbo ìlú, kò sì sí àlàyé tó ní láti ṣe kí ilé tó pa á mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifá ṣe máa ń sọ èèwọ̀ ọmọ tuntun fún àwọn òbí rẹ̀, tí tẹ̀gbọ́n á yàtọ̀ sí tàbúrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ikùn rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀kọ lè bá ẹnì kan lára mu, kó dààmú ẹlòmíràn. Ohun dídùn lè jẹ́ kí òógùn bo ẹnì kan kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkì, kí ẹnì kejì jẹ ẹ́ láìsí nǹkan. Dókítà á fúnni ní ìlànà gbogbo gbòò, ara ẹni ló máa sọ èèwọ̀ ẹni. "Mi ò jẹ" máa ń dun alásè. "Èèwọ̀ mi ni" kì í bú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa tún máa lọ sí Ifọ́n, kí Màmá tó gbé odó síta ló ti sọ ọ́: "Màmá, iyán ti di èèwọ̀ mi o. Ẹja àti ẹ̀fọ́ yín ni mo wá jẹ."

"Èèwọ̀ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Màmá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó bu ẹja sínú àwo ọmọdé, ó fi ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí i, ó sì jókòó tì í. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jẹ ẹja kan. Ọ̀rẹ́ wa ní láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, ọjọ́ yẹn lòun kọ́kọ́ yó.

Ẹnì kan nínú wa kò gbà. Ó ní bíbò mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ó ní Gay kọ gbogbo rẹ̀ síta, orúkọ iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀rù rẹ̀, ìtìjú rẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa rò pé òun nìkan ni. Tí gbogbo wa bá ń fi "èèwọ̀" bò ó, ta ló máa mọ̀? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá ń bì lójoojúmọ́, tí omi pàápàá ò dúró níkùn rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó sáré lọ, kó má fi èèwọ̀ tan ara rẹ̀. Ibi tí a parí ìjà náà sí ni pé òótọ́ kíkún jẹ́ ti dókítà àti ti ìwé, nídìí àwo, "èèwọ̀" tó. Ẹ má sì gbàgbé pé inú ilé ni àwọn tó rú èèwọ̀ Ọrọnsẹn wà, torí náà kí èèyàn mọ ẹni tó máa sọ tinú rẹ̀ fún.

Ṣé kí ẹ ka "What Fullness Is"? Ẹ kà á, kí ẹ ka Hunger ṣáájú rẹ̀ tí ẹ bá ríbi rí i. Àmọ́ kí ẹ kà á bí orí kìíní. Orí kejì, èyí tó máa sọ bí ẹni tí ikùn rẹ̀ kéré ṣe ń yó láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, a fẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ ní Yorùbá. A ní kí ọ̀rẹ́ wa kọ ọ́. Ó ní kí a jẹ́ kí Ìgogo kọjá ná, torí iṣu tuntun ń bọ̀, gbogbo ilé tí òun bá yà ló máa gúnyán.