Ìlù Tí Ò Rán Ẹnikẹ́ni Níṣẹ́ Mọ́

Ní Williamsburg, ìlú àtijọ́ kan ní Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wà tó ń fi fèrè àti ìlù ogun dá àwọn òǹwòran lára yá. Ọmọ ọdún 10 sí 18 ni wọ́n. Ọdún 1958 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọkùnrin nìkan ni wọ́n sì ń gbà títí di 1999. Wọ́n á wọ aṣọ ọ̀rúndún 18, wọ́n á dé fìlà onígun mẹ́ta, wọ́n á máa yan gba àárín ìlú kọjá. Ẹni tó bá ti rí Boys' Brigade lọ́jọ́ ìkórè á ti ní àwòrán rẹ̀ lọ́kàn. Ẹ kàn fi fèrè onígi kékeré tí wọ́n ń pè ní fife kún un: ihò mẹ́fà fún ìka, ìdábùú ni wọ́n ń gbé e sẹ́nu, ohùn rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìlù tó ń tẹ̀ lé e jẹ́ olójú méjì, okùn ni wọ́n fi ń fa awọ rẹ̀ le.

A ti wo fídíò wọn lórí YouTube, a wò ó títí. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ká má parọ́. Gbogbo ọ̀pá ló ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń lù. Ibẹ̀ gan-an lẹ́jọ́ wa wà. Ó mọ́ jù. Ọmọ ogun tí ebi ń pa, tí òtútù ń mú ní Valley Forge nígbà òtútù 1777 sí 1778, ṣé ó lè fọn fèrè mọ́ báyìí?

Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó orin náà ò tó nǹkan. Ohun tó kù níbẹ̀ ni iṣẹ́. Nígbà ogun, ìlù yìí kì í ṣe fàájì, àṣẹ ni. Steuben, ará Prussia tó kọ́ àwọn ọmọ ogun Washington, to àṣẹ wọ̀nyí sínú ìwé ìlànà tó jáde ní 1779. Tí Reveille bá dún láàárọ̀ kùtù, kí sójà dìde, kí ẹ̀ṣọ́ sì yéé dá èèyàn dúró. Tí General bá dún, kí wọ́n tú àgọ́, ìrìn yá. Tattoo lálẹ́, kí oníkálukú padà sínú àgọ́ rẹ̀. Ìlù wà fún igi wíwá, ó wà fún omi pípọn, ó wà fún bíbẹ ọ̀tá pé ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Kì í fọhùn bíi gángan o, kò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Àdéhùn ni: tó bá dún báyìí, ẹ ṣe báyìí. Aṣọ onílù pàápàá máa ń yàtọ̀ sí ti sójà tó kù, kí ọ̀gágun lè tètè rí i nínú èéfín ìbọn.

Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà jẹun mọ irú èyí dáadáa. Àmì tí a fi ránṣẹ́, tí ẹ̀rọ kankan ò dáhùn lódìkejì, ariwo lásán ni. Nínú ìyan Williamsburg, Reveille á dún lọ́sàn-án gangan, àwọn èèyàn á gbé fóònù sókè. Ó tẹ́ wa lọ́rùn ju èyí lọ níbi tí àwọn aláṣetúnṣe ogun ti ń sun inú àgọ́ lóòótọ́, tí ìlù sì ń jí wọn, tí wọ́n ń ráhùn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí aṣọ aláràbarà bò mọ́lẹ̀: ta ló ń lu ìlù yẹn nígbà náà? Òfin Virginia ọ̀rúndún 18 ò gbà kí aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira gbé ìbọn nínú ẹgbẹ́ ogun ìlú, ṣùgbọ́n ó gbà kó lu ìlù. Ní Massachusetts, Barzillai Lew, ọkùnrin dúdú, ló fọn fèrè fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bunker Hill lọ́dún 1775. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, 29th Regiment, ti ń fi àwọn ọmọkùnrin dúdú láti Guadeloupe ṣe onílù láti 1759. Iṣẹ́ onílù sì ni láti na sójà tó bá ṣẹ̀. Nítorí náà lọ́dún 1768, àwọn ará Boston rí ọkùnrin dúdú tó ń na sójà funfun lẹ́gba ní gbangba! Ẹ wá irú ìyẹn nínú eré ogun kí ẹ wò ó.

Fún wa, ẹni tó mú fèrè yìí dé ibi tó yẹ kó dé ni Otha Turner, àgbẹ̀ dúdú ní Gravel Springs ní Mississippi, tó kú ní 2003. Ọparun ló fi ń ṣe fèrè tirẹ̀, irin gbígbóná ló fi ń lu ihò sí i. Ìlù ogun kan náà ni, ṣùgbọ́n kò wọ aṣọ ẹnikẹ́ni, kò díbọ́n pé òun wà ní 1776. Ọdọọdún ló ń pa ewúrẹ́, tó ń pe àwọn èèyàn sí oko rẹ̀, ìlù á dún, wọ́n á jó. Àṣẹ tí wọ́n ń jẹ́ nìyẹn, ara ló ń jẹ́ ẹ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Shardé Thomas, ló gba fèrè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú Gangs of New York tí Martin Scorsese gbé jáde ní 2002, níbi tí wọ́n ti ń yan lọ sójú ìjà ìgboro ọdún 1846, fèrè Turner ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ní ká fi ìtàn díwọ̀n rẹ̀, kò bá a mu rárá: ọparun Mississippi ní New York! Síbẹ̀, a ò tíì rí ìyan ogun tó bà wá lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ nínú eré kankan.

Àwo Everybody Hollerin' Goat, tó jáde ní 1998, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi fóònù gbọ́ ọ, ẹ bá wa wá sípíkà gidi. Ìlù ńlá rẹ̀ kì í jáde nínú fóònù.