Orúkọ Ẹlẹ́rìí Nínú Ìwé Ìtàn Johnson

Ní 1897 ni Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀; 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó dárúkọ àwọn tí ó sọ̀tàn fún un: àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, David Kukomi ti Ìbàdàn, Lágunjú Tìmì Ẹdẹ. Èyí yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé gan-an, lọ́pọ̀ ibi, a kò mọ ẹni tí ó sọ èwo. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Báwo wáá ni òǹkàwé yóò ṣe dájọ́ nígbà tí ohùn gbogbo ẹlẹ́rìí ti di ọ̀kan? Ìtọ́ka kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà kọ orúkọ àgbà náà síbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé wà.