Kọ̀ǹpútà Ilé: Ètò Wo Ló Dúró Ṣinṣin?

Kọ̀ǹpútà àlòkù ni ọ̀pọ̀ òbí ń rà sílé ní agbègbè Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Windows 10 ni a sì máa ń bá nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, torí pé ó ń béèrè ohun ààbò kan, TPM 2.0, tí wọn kò ní. Ṣé kí òbí ju kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù ni, àbí kí ó lo ayédèrú tó lè kó fáírọ́ọ̀sì wọlé? Ní èrò tèmi, ọ̀nà kẹta wà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ọ̀nà náà ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Ẹnikẹ́ni ló lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn láìrú òfin. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn èèyàn wa kì í tètè fọkàn tán ohun ọ̀fẹ́, wọ́n sì jàre. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, títí di ìgbà wo?

Ibí ni àwọn ẹ̀ka Linux ti yàtọ̀ síra. Fedora ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bí oṣù 13. Arch ní tirẹ̀ kì í dúró. Ìgbà gbogbo ló ń yí padà. Àwọn méjèèjì dára fún ẹni tó fẹ́ràn ohun tuntun. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a ti ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tí iná sì lè lọ nígbà tí àtúnṣe kò tíì parí, ewu ni: àtúnṣe tó dá dúró lágbedeméjì lè mú kí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti tàn. Debian, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, máa ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì. Láàárín ìgbà náà, àtúnṣe ààbò àti ti àṣìṣe ńlá ló ń wọlé. Ubuntu LTS ń gba ìtọ́jú ọdún márùn-ún, orí rẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ Linux Mint lé. Ìtumọ̀ ìdúróṣinṣin nìyẹn: ohun tí ọmọ kọ́ lónìí, yóò bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àléébù kò ṣàì sí. Debian 13, tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2025, kò ṣeé fi sórí kọ̀ǹpútà 32-bit àtijọ́ mọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn kì í bá Linux ṣiṣẹ́. Microsoft Word ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ni; LibreOffice lè ṣí iṣẹ́ Word, ṣùgbọ́n ètò ojú ìwé lè yẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún òbí pé kò sí ìyàtọ̀ kò sòótọ́.

Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bá wa yàn. Ní 2007, wọ́n fẹ́ kó kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 wá sí àwọn ilé-ìwé Nàìjíríà pẹ̀lú Linux ti Mandriva, ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé. Lẹ́yìn àdéhùn, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba pé wọ́n ní àwọn yóò sanwó ètò òun, ṣùgbọ́n Windows ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ohùn àwọn ilé-iṣẹ́ la gbọ́, a kò gbọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ilé wa, àwa la ni yíyàn.

Ìdájọ́ mi nìyí. Bí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà bá tó 4GB, Linux Mint ló rọrùn jù fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí a lo Debian pẹ̀lú Xfce. Kí a kọ́kọ́ dán an wò láti orí flash láìyọ Windows kúrò, kí a wò ó bóyá Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́, kí a sì da àwọn fọ́tò àti ìwé wa pamọ́ síbòmíràn. Olùkọ́ kan ṣoṣo lè gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi flash kan náà ṣe kọ̀ǹpútà ogún ilé, kò sì jalè. Ayédèrú kò lè ṣe èyí fún wa.