Láti Ojú Tí Ó Tẹ̀ Dé Bátànì Pẹrẹsẹ

Àwọn lámèyítọ́ wa ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa igi gbígbẹ́, amọ̀ mímọ àti aṣọ híhun, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà kan wà tí a kò lè ṣe ọkọ̀ ojú omi, bàtà, ara mọ́tò tàbí ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú láìsí i, tí kò sì tíì rí ẹni tí yóò kì í bí ó ti yẹ. Iṣẹ́ yìí ni mímú ojú ohun tí ó wú, tí ó jìn, tàbí tí ó lọ́, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ di bátànì tí a lè gé lára páànù, awọ tàbí aṣọ, kí ó lè tún padà di ohun tí a ní lọ́kàn nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí a bá rán an pọ̀. Láyé òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe wàhálà inú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á tẹ bọ́tìnnì, bátànì á yọ, ẹ̀rọ onílésà á sì gé e. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ọnà náà ti kú, pé ìṣirò lásán ni ó kù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi yé òǹkàwé.

Àwọn ojú kan wà tí wọ́n jẹ́ onígbọràn. Ojú agolo àti ojú òkòtó wà lára wọn: bí a bá là wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọn yóò tẹ́ sílẹ̀ láìya, láìfún, láìnà. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ti ṣe ìwádìí irú ojú bẹ́ẹ̀ ní 1772, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi páànù ṣe àrọ lẹ́bàá ọjà mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Euler rí. Bí rédíọ̀sì ẹnu òkòtó kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ṣóńṣó dé etí sì jẹ́ 30, bátànì rẹ̀ kò ní ju ìdámẹ́ta òbírí kan lọ, èyí tí í ṣe igun dígírì 120. Lórí irú ojú yìí, ohun kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà fi kún ìmọ̀ àwọn baba wa, ìyẹn ni ìyára.

Ṣùgbọ́n igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Ojú tí ó bá tẹ̀ sí ìhà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, irú bíi ojú bọ́ọ̀lù, ìdí ọkọ̀ ojú omi tàbí orí ènìyàn, kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ láéláé bí kò bá fara gbọgbẹ́. Ní 1827 ni Carl Friedrich Gauss, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì, fi ìdí èyí múlẹ̀: ó fi hàn pé ìwọ̀n ìtẹ̀ ojú kan wà tí kì í yí padà bí ó ti wù kí a tẹ ojú náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá nà án tí a kò sì fún un. Níwọ̀n bí ti bọ́ọ̀lù kò ti dọ́gba pẹ̀lú ti tábìlì, àbá tí a bá dá láti tẹ́ bọ́ọ̀lù sórí tábìlì gbọ́dọ̀ san owó orí. Ẹ jẹ́ kí a mú fìlà kan tí ó rí bí ìlàjì bọ́ọ̀lù, tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Àyíká etí rẹ̀ jẹ́ 62.8, láti téńté orí rẹ̀ dé etí, bí a bá fi okùn wọ̀n ọ́n lórí ojú rẹ̀, jẹ́ 15.7. Ṣùgbọ́n òbírí pẹrẹsẹ tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 15.7, àyíká etí rẹ̀ á di 98.7. Aṣọ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógójì ni ó ṣẹ́kù létí láìní ibi tí yóò gbà! Aránṣọ tí ó ń mú dáàtì, ìyẹn ni kí ó ṣẹ́ aṣọ po kí ó sì rán an, tàbí tí ó ń gé fìlà ní abala mẹ́fà tí ẹnu wọn tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ni ó mọ ibi tí yóò fi àjẹkù yìí sí. Pafnuty Chebyshev, àgbà onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kò ka iṣẹ́ aránṣọ sí ohun yẹpẹrẹ, nítorí pé ní 1878 ó sọ̀rọ̀ ní Párísì níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé lórí aṣọ gígé nìkan, àti bí a ti lè fi aṣọ wọ bọ́ọ̀lù.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é? Yóò kọ́kọ́ pín ojú náà sí àìmọye onígun-mẹ́ta kéékèèké, yóò tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìfarakanra, lẹ́yìn náà ni yóò máa ti igun wọn síwá sẹ́yìn títí ìnà àti ìfún tí ó kù yóò fi kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó yẹ kí ó kéré? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí igun má bàjẹ́ yóò pàdánù ìtóbi, ẹni tí ó bá sì di ìtóbi mú yóò pàdánù igun. Mercator, ayàwòrán ilẹ̀ tí ó tẹ́ bọ́ọ̀lù ayé sílẹ̀ pẹrẹsẹ, yan igun nínú àwòrán ayé rẹ̀ ti 1569, nítorí pé àwọn atukọ̀ ni ó ṣe é fún. Ìdí nìyí tí Greenland fi jọ ẹgbẹ́ Áfíríkà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀bi ẹni tí ó gbé àwòrán atukọ̀ kọ́ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ láìṣàlàyé ni.

Ní ti sísọ àbùkù bátànì, mo yin ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Rhino, nítorí pé ó ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀: àṣẹ kan ni UnrollSrf, fún ojú onígbọràn, òmíràn ni Squish, fún ojú alágídí, òun sì ni ó máa ń jẹ́wọ́ iye tí ó nà àti iye tí ó fún kí bátànì lè jáde. Ètò tí ó bá gbé bátànì dídán kalẹ̀ láìsọ àbùkù rẹ̀, mo kà á sí elétàn, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ lẹ́wà tó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí wẹ́dà bá mú páànù méjì wá pàdé tí etí wọn kò sì kanra, òtítọ́ ti dé nìyẹn, owó irin sì ti ṣòfò. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà kò mọ irú nǹkan tí a fẹ́ gé bí a kò bá sọ fún un. Awọ bàtà á gbà kí a fà á díẹ̀, aṣọ á gbà bí a bá gé e ní ìdábùú, ṣùgbọ́n irin líle kì í gbà bọ̀rọ̀. Nínípọn pàápàá ní ẹjọ́ tirẹ̀: bí a bá ká páànù mìlímítà 2 ní igun dígírì 90, tí rédíọ̀sì inú rẹ̀ jẹ́ 2, inú á fún, ẹ̀yìn á nà, ìlà tí kò nà tí kò sì fún á wà láàárín wọn, nǹkan bíi mìlímítà 4.4 ni a ó sì kà sí ibi kíká náà. Ẹni tí kò bá fi èyí sí ìṣirò, àpótí rẹ̀ kò ní pa dé.

Iṣẹ́ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ nínú ọ̀nà yìí ni ilé ọnà Guggenheim tí Frank Gehry yàwòrán rẹ̀ ní Bilbao, ní ilẹ̀ Sípéènì, tí wọ́n ṣí ní 1997. Ètò CATIA, tí ilé iṣẹ́ Dassault ti ilẹ̀ Faransé ṣe fún ọkọ̀ òfurufú, ni wọ́n fi yanjú àwọn ojú ilé náà, wọ́n sì fi titanium tí kò nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ bò wọ́n. Ìwé àti páálí ni Gehry máa ń fi ṣe àwòṣe rẹ̀. Ìwé kì í gbà kí a nà án. Nítorí náà, ojú tí ìwé bá gbà láìya, páànù náà yóò gbà á. Ọgbọ́n ọwọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà rárá, èyí ni ó sì mú kí ilé náà dà bí ohun tí ń mí, kí ó sì tún ṣeé kọ́.

Àgbà tó ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń bá wí lónìí. Ó ní aṣọ jìngbìnnì. Àkísà, tí í ṣe ìrírí ibi tí ó yẹ kí a là, ibi tí ojú rírán kò ní hàn, ibi tí omi kò ní gbà wọlé, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣì wà. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, àti àwọn ọ̀gá tí wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́, pé kí wọ́n má fa kọ̀ǹpútà lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó tó fi kọ́ńpáàsì àti síńsọ́ọ̀sì gé àrọ kan àti fìlà kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.