Òkè Tó Wà Lẹ́yìn Obìnrin

Ẹni tó bá wọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì láti apá Adó tàbí láti Àkúrẹ́, ojú rẹ̀ kò ní pẹ́ bá Olósùnta. Àpáta gbàǹgbà ni, orí rẹ̀ pá, ojúbọ sì ni. Nígbà tí Níyì Ọ̀súndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ṣe ìwé ewì rẹ̀ The Eye of the Earth jáde ní 1986, ó mú Olósùnta wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà. Kò yà wá lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Èkìtì, òkè ni odi wa. Orí òkè làwọn baba wa sá sí nígbà ogun.

Àmọ́ obìnrin kan rí òkè, kò rí odi. Ẹrù ló rí.

Mọlará Ògúndípẹ̀ ni mo ń sọ, ẹni tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Molara Ogundipe-Leslie. Mao ti Ṣáínà ló kọ́kọ́ fi òkè ṣe àkàwé ìnira tó wà lẹ́yìn àwọn ará Ṣáínà. Mọlará gba àkàwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ka òkè mẹ́fà sẹ́yìn obìnrin Áfíríkà: ìnilára tó ti òkèèrè wá, àṣà tí wọ́n bá nílé, àìmọ̀ tí òṣì àti ìjọba amúnisìn fà, ọkùnrin, àwọ̀ ara rẹ̀, àti obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ìkẹfà yìí ló kà sí pàtàkì jù.

Ẹ wo ibi tó gbé òkè sí. Kò gbé e síwájú, níbi téèyàn ti lè gùn ún tàbí kó yà fún un. Ẹ̀yìn ló gbé e sí, níbi tí a ń pọn ọmọ sí. Ẹni tó pọn nǹkan kì í rí i; ó kàn ń gbọ́ ìwúwo rẹ̀ ni, ó sì lè máa jó o, kó máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kó rò pé ọmọ ni. Inú àròkọ ọ̀mọ̀wé lọ̀rọ̀ yìí wà, kò sí nínú ewì, ṣùgbọ́n akéwì nìkan ló lè ronú báyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwọn tó ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n sì ń dákẹ́ síbẹ̀ kò pè é tán.

Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1940, Abíọ́dún Ọmọlará lórúkọ rẹ̀ gan-an. Ó lọ sí Queen's School nígbà tí ilé ìwé náà wà ní Ẹdẹ, ó gba Ìbàdàn kọjá nígbà tí oyè ibẹ̀ ṣì ń wá láti Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba fọ́ọ̀sì-kíláàsì níbẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Leiden ní Netherlands ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó kọ́ni ní Port Harcourt, ó kọ́ni ní Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Women in Nigeria sílẹ̀ ní Zaria ní 1982. Nígbà tí àríyànjiyàn sú u lórí bóyá ọ̀ràn ẹ̀tọ́ obìnrin kì í ṣe ìwà òyìnbó, ó dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, STIWA, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àtúntò àwùjọ tí obìnrin Áfíríkà náà yóò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Inú ìwé Re-Creating Ourselves tó jáde ní 1994 ló ti là á yé wa.

Ìwé ewì rẹ̀ ti jáde ṣáájú, ní 1985: Sew the Old Days and Other Poems. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà nínú àkọlé yẹn. Àwọn kan ń kó àtijọ́ pamọ́ sínú àpótí, àwọn kan ń jù ú sí ààtàn. Lójú rẹ̀, aṣọ tó ya ni. Ẹ jókòó, kí ẹ rán an, kí ẹ gé ibi tó ti jẹrà kúrò. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ewì náà, ó sì dùn mí, nítorí àwọn ìyá tí mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bá mu kò lè kà á.

Ewì rẹ̀ kò pọ̀, àròkọ rẹ̀ sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bo akéwì obìnrin mọ́lẹ̀ báyẹn. Ní Estonia, kí wọ́n tó gba owó yúrò ní 2011, àwòrán Lydia Koidula, akéwì obìnrin tó kú ní 1886, ló wà lójú owó 100 króònì wọn. Àwa náà fi obìnrin oníṣẹ́ ọnà sára owó, Ladi Kwali amọ̀kòkò, lára náírà 20. Ẹ̀yìn owó náà ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀yìn náà ni, ẹ ò rí i!

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Mọlará jù ni ìbéèrè kan tó bi àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé obìnrin Áfíríkà kò lóhùn. Ó ní ṣé kò lóhùn lóòótọ́ ni, àbí ẹ̀yin ni kò wá ohùn rẹ̀ lọ síbi tó wà: ibi ayẹyẹ, ibi orin iṣẹ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ṣùgbọ́n bí ẹni pé Èkìtì ló dúró sí sọ ọ́. Alámọ̀ wà níbí, ohùn àwọn obìnrin ni. Ẹnì kan á dá a, àwọn tó kù á gbè é. Wọn yóò ki ọlọ́jọ́, wọn yóò sì fi ọgbọ́n bú ẹni tó yẹ ní bíbú, ẹni tí wọ́n ń bú á máa náwó fún wọn. Kò sí orúkọ ẹnì kan lẹ́yìn ìwé, nítorí kò síwèé.

Mọlará kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú àwọn ẹbí rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2019. Ó ku oṣù mẹ́fà kó pé ọmọ ọdún 79. Ìwé ewì yẹn ṣòroó rí ní ilé ìtàwé báyìí. Ní ọjọ́ tí mo ka àkàwé òkè mẹ́fà fún ìyá àgbà alámọ̀ kan, ní Yorùbá, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ka àwọn òkè náà lórí ìka, ó dé ìkẹfà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé orin.