Orí Ìtàgé Ni Wọ́n Ti Ń Kọ́ṣẹ́

Ní 1962, òṣèré Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó iṣẹ́ ọnà àti tíátà, sílẹ̀ ní Òṣogbo. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ tíátà láyé ìgbà yẹn máa ń wù mí gan-an. Ọmọ iṣẹ́ á kó ẹrù, á gbálẹ̀, á lulù, á jó. Etí rẹ̀ á máa gbọ́ oríkì títí ẹnu rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Nínú Ọba Kò So, eré Ládípọ̀, bí ohùn Ṣàngó bá ti yí padà, bàtá ti gbè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àjọgbé òṣèré àti onílù ló ń bí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Eré náà tiẹ̀ dé Berlin ní 1964. Bí irú ẹgbẹ́ òṣèré bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò wọ́n, kí ẹ sì sanwó ìwọlé.