Ẹgbẹ́ Akọrin BLO àti Ọjà Orin Nílẹ̀ Yorùbá

Ohun tí àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń sọ nípa ẹgbẹ́ BLO ni pé etí àwọn ará ilé kò tíì mọ orin rọ́ọ̀kì ní àkókò wọn. Àlàyé yìí rọrùn jù. Gìtá oníná kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Èkó lọ́dún 1973. Ebenezer Obey àti Sunny Adé ń fi í ṣeré mọ́jú.

Kò sí iyèméjì lórí ẹ̀bùn àwọn BLO. Berkley Jones àti Laolu Akins ti bá Ginger Baker, onílù ará Ìlú Ọba, ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt. Àwọn àti Mike Odumosu ni ó di BLO ní 1972. Nínú Chapter One, tí EMI gbé jáde ní 1973, gìtá Jones a máa sunkún, a sì máa bú ramúramù, ìlù Akins kò sì ṣìnà.

Ta wá ni orin náà ń bá wí? Níbi ìsìnkú àgbà ní Ìbẹfun, tàbí ní ìlú Ìjẹ̀bú mìíràn, ẹni tí ó gbé olórin wá fẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ti ń jáde. Ibẹ̀ náà ni olùgbọ́ ti ń mọ àwo tí yóò rà lọ sílé. BLO kò fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ orin wọn. Àní "Chant to Mother Earth", tí èrò inú rẹ̀ kò jìnnà sí bí Yorùbá ti ń bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀, aṣọ àlejò ni wọ́n wọ̀ fún un.

Ènìyàn lè fi Fẹlá jiyàn: òun náà kì í ki olówó, àwo rẹ̀ sì tà. Ṣùgbọ́n Pijin tí ọlọ́jà àti awakọ̀ gbọ́ ni Fẹlá fi ń kọrin, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ nínú ọkọ̀ ni ó ń sọ.

Èyí tí BLO ṣe lẹ́yìn náà ni ó burú jù. Láti Phase II, ní 1975, ni wọ́n ti ń sún mọ́ fọ́ǹkì, wọ́n sì bá a dé ìdí dísíkò. Olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì kò mọ̀ wọ́n mọ́, olóde ariyá kò sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Odumosu bá Osibisa lọ. Nígbà tí Strut ní London kó orin wọn jọ ní 2001, àwọn àjèjì tí kì í retí oríkì nínú orin ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ń yìn ín.

Akins ní tirẹ̀ kò kúrò nídìí iṣẹ́. Òun ni ó darí iṣẹ́ lórí Ace, àwo tí Shina Peters gbé jáde ní 1989. Ìlù ibẹ̀ yára ju ti jùjú àtijọ́ lọ, ó sì le. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí ìnáwó tí wọn kò ti lù ú.